Àǹtí Mi, Ẹ Má Pa Oògùn Yẹn Tì

Yorùbá Road,
Sabon Gari,
Kano.
12 Oṣù Kẹta, 2025.

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Aàwẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ níbí, ooru sì mú débi pé ìta la ń sùn.

Ọ̀rọ̀ kan ló mú kí n sáré mú bírò. Mo gbọ́ pé ẹ ti pa lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, tì, pé ẹ ní ara yín ti le. Àǹtí, ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ẹ rántí ìyàwó kékeré tó ń ta àkàrà, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn? Ó ti bí ọmọkùnrin. Kò pẹ́ tó bímọ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Téèyàn bá fìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jin, kò ní tètè kún. Lóru, kò lè dùbúlẹ̀, ògiri ló ń fẹ̀yìn tì, tí á máa mí gúlegúle. Àwọn kan ní kó máa mu kunun kanwa, ẹ̀kọ oníkáún tí àwọn obìnrin Hausa ń mu lẹ́yìn ìbímọ, kó sì máa fi omi gbígbóná wẹ̀. Bẹ́ẹ̀ irú iyọ̀ kan ni káún, ṣe ló ń dá omi dúró sára! Nígbà tí wọ́n gbé e délé ìwòsàn, dókítà ní ọkàn rẹ̀ ni kò lágbára àtiti ẹ̀jẹ̀ mọ́. Àìsàn ọkàn tó ń kọlu abiyamọ yìí wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí ju ọ̀pọ̀ ibi láyé lọ. Ní 2017 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Kamilu Karaye ti Yunifásítì Bayero àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ àwọn obìnrin tó ní in sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. 244 ni wọ́n rí ní ilé ìwòsàn 14, apá ibí yìí ló sì pọ̀ jù sí.

Oògùn furosemide tí wọ́n fún un mú kó máa tọ̀ ṣáá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rọlẹ̀. Wọ́n fi lisinopril àti spironolactone kún un. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ rí i tó ń pọnmọ lọ sọ́jà, ó ní kí owó oògùn di owó oúnjẹ. N kò lè dá a lẹ́bi tán. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023 ni oògùn òkè òkun ti gbówó lórí. Ní 2024, wọ́n tún kó àwọn olóògùn Malam Kato àti Niger Road, tó wà nítòsí wa, lọ sí Dangwauro tó jìnnà. Àmọ́ kò pẹ́ tó dá oògùn dúró tí mímí tún fi dogun. Ó ti padà sídìí ẹ̀ báyìí, ara rẹ̀ sì ń mókun.

Àǹtí, àìsàn yín yàtọ̀ sí tirẹ̀, àmọ́ ẹ̀kọ́ kan náà ni: ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni kó tó ṣọṣẹ́. Oògùn yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí ara yín le. Ní 2012, àwọn dókítà gbé ìwádìí jáde lórí èèyàn 1,006 tí ọkàn wọn ti rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 9. Tí a bá pín ọjọ́ orí wọn dọ́gba, ọdún 52 ni, ẹ̀jẹ̀ ríru ló sì wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó fà á. Ẹ̀yin náà ti lé ní àádọ́ta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn Bowen ní Mọ́ńdè, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Tó bá jẹ́ ikọ́ ni lisinopril ń fà, ẹ sọ fún dókítà, oògùn mìíràn wà tí wọ́n lè fi rọ́pò rẹ̀. Tó bá jẹ́ owó ni, ẹ pè mí, mo máa fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Èmi ni àbúrò yín,
Fọlákẹ́