Ẹ Jẹ́ Kó Dìde

Bí ẹni tó gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ bá ti ilé ìwòsàn dé, "Ẹ kú ewu" ni tilé toko máa ń kí i. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń tẹ̀ lé ìkíni náà ló ń kọ mí lóminú. Wọn á gbé omi ìwẹ̀ fún un, wọn á gbé oúnjẹ wá bá a lórí bẹ́ẹ̀dì, bó bá sì fẹ́ na ẹsẹ̀ jáde, wọn á ní, "Bàbá, ẹ jókòó, ẹ má ṣe wàhálà." Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ yìí a máa jẹ itan èèyàn tán.

Àgbà ni mí. Mo mọ ohun tí àjókòópẹ́ ń fi orúnkún ṣe, àní lára ẹni tí ohunkóhun ò ṣe. Ká tó wá fi kímò kún un. Kímò yìí, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, a máa kó bá mùdùnmúdùn inú eegun, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá. Ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, àárẹ̀ á dé. Bó bá jẹ́ vincristine, àtẹ́lẹsẹ̀ lè kú, kó má mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀ dáadáa. Àwọn oògùn dexamethasone àti prednisolone ní tiwọn a máa jẹ iṣan itan. Ẹ wo ẹni tó ti pẹ́ lórí wọn bó bá fẹ́ dìde lórí àga: á fi ọwọ́ méjèèjì ti apá àga, á gbéra díẹ̀, á tún jókòó padà, á mí kanlẹ̀ kó tó tún un gbìyànjú.

Oorun kì í wo irú àárẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn dókítà fúnra wọn a máa ní kí aláìsàn sinmi ṣáá. Nígbà tó di 2019, àwọn onímọ̀ tí American College of Sports Medicine kó jọ sọ pé bí èèyàn bá ń rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àárẹ̀ jẹjẹrẹ lè dín kù. Ẹnikẹ́ni kì í ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Láti bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà ná, kí oòrùn tó mú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ní 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan ní imatinib lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá Ifásitì Ifẹ̀. Oògùn lílò lójoojúmọ́ ni, ọ̀pọ̀ ló sì ti fi í lo ọdún gbọọrọ láyé. Ẹni tó máa pẹ́ bẹ́ẹ̀ nílò ẹsẹ̀ tí yóò gbé e dé ọjà.

Àmọ́, kò gba agídí. Eegun ẹni tó ní irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní myeloma lè ṣẹ́, kó má gbé ẹrù wúwo. Ẹni tí platelet rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá, lọ sílẹ̀, ìṣubú kékeré lè di ẹ̀jẹ̀ tí kò fẹ́ dá. Bí ibà bá sì dé, ilé ìwòsàn ló kàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá tún sin bàbá tàbí ìyá yín lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ bi dókítà pé ìrìn mélòó ló tọ́ sí wọn lọ́sẹ̀ yẹn, kí ẹ sì bá wọn rìn ín.