Ọ̀nà Ẹ̀yìn ni Mo Ń Gbà

Ẹ̀yin ará ilé-ìwé wa, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé mo láhun, pé torí kí n lè fi owó kéké pamọ́ ni mi ò ṣe ń bá yín wọ kéké lọ sílé. Àwọn mìíràn ní mo ní ẹnì kan tí mò ń lọ rí ní Pópó Àgùdà. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. (Ó dáa, ti owó kéké yẹn, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀.)

Èbúté Èrò ni ilé wa wà. Tí a bá jáde lọ́sàn-án, ọ̀nà méjì ló wà fún mi. Èkíní ni ojú títì: kí n já sí Broad Street, kí n gba Tinúbú, kí n wọ Nnamdi Azikiwe Street, kí n máa lọ tààrà títí dé Ìdúmọ̀tà. Ẹ̀yin náà mọ ibẹ̀. Alágbàrù á máa kígbe pé "Ẹ yà lọ́nà o!" kó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, ẹrù orí ẹ̀ ti gbá yín létí. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn mẹ́ta á máa polówó nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá wá di ọjọ́ Jímọ̀, ẹní ìrun á tẹ́ láti Mọ́ṣáláṣí Àpapọ̀ jáde sí ojú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò ní kọjá àfi tí wọ́n bá kírun tán. Síbẹ̀ náà, ọ̀nà yẹn ló yá.

Èkejì ni ọ̀nà ẹ̀yìn. Màá yà sí Kakawa, màá gba Bámgbóṣé já sí Campos, màá gba Tokunbọ̀ lọ sí Ìta Fájì, màá bọ́ sí Ìdúmàgbò, kí n tó wá gba àárín agboolé lọ sí Ẹnu Ọ̀wá àti ẹ̀gbẹ́ Ìga Ìdúngànrán. Ìyẹn lè gbà tó wákàtí kan, torí ìkíni pọ̀ níbẹ̀. Láàárọ̀, ojú títì lèmi náà ń gbà. Ta ló fẹ́ kúnlẹ̀ níwájú géètì? Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn, ìyá àgbà mi ló sì fà á.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Ó ta aṣọ ní ọjà Jańkárá fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí kọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ láti Òkèpópò dé Èbúté Èrò. Ṣùgbọ́n eékún rẹ̀ méjèèjì ti kọ̀ fún un báyìí. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà, àtẹ̀gùn ilé wa sì ga, ó dúró ṣánṣán. Tó bá jókòó sójú fèrèsé, ògiri ilé kejì àti táǹkì omi wọn nìkan ló ń rí. Nígbà ìsinmi tó kọjá, ó pè mí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé fóònù ìyá rẹ yìí kò lè lọ bá mi ya Ìsàlẹ̀ Èkó wá kí n wò ó ni?"

Mo ní kò le rárá. Mo gbé fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò láti Ẹnu Ọ̀wá. Mo wọ ọ̀nà tóóró kan tó wà láàárín ilé méjì, mo ń ya ògiri, mo ń ya ewúrẹ́, mo ń ya àwọn aṣọ tí wọ́n sá. Bàbá kan tó jókòó sórí bẹ́ńṣì gbójú sókè.

"Ọmọ yìí, pa nǹkan yẹn. Ta lo bi?"

Mo ní ẹ má bínú sà, mo rò pé ojú ọ̀nà ni.

"Ojú títì ni gbogbo ayé ni ín. Ibi tí o dúró sí yìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni."

Mo wolẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n béèrè agboolé wa. Nígbà tí mo dárúkọ ìyá àgbà, ojú wọn rọ̀. Wọ́n ní kí n pa fídíò náà rẹ́, mo pa á rẹ́ níṣojú wọn. Wọ́n wá ní, "Fi ojú ẹ wò ó dáadáa, kí o lọ fi ẹnu sọ fún un. Kí o sì bá mi kí i."

Mo délé, mo ròyìn. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹ̀bi òun ni, pé òun gbàgbé pé ọmọ ojú títì ni mí. Ó ní ọ̀nà tó wà láàárín ilé àwọn ènìyàn, tàwọn ènìyàn náà ni. Wọ́n kàn ń jẹ́ ká kọjá ni. Bàbá mi tó wà nítòsí fi kún un pé Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bí èyí lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, tí Herbert Macaulay bá a lọ ní 1920. Ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà ló dá ẹjọ́ náà sílẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sì dá a ní 1921 pé ilẹ̀ náà, ti àwọn ará ìlú lápapọ̀ ni, kì í ṣe ti ìjọba lásán.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kíláàsì Jọ́gíráfì wa á rántí ọjọ́ tí tíṣà sọ̀rọ̀ nípa Arizona ní Amẹ́ríkà, ibi tí àwọn Hopi àti àwọn Navajo ní ilẹ̀ wọn. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 264, tó gba àárín abúlé àwọn Hopi tó wà lórí òkè kọjá. Àlejò lè gbà á, ṣùgbọ́n nínú abúlé, kò gbọdọ̀ ya fọ́tò, kò gbọdọ̀ gba ohùn sílẹ̀, kódà kò gbọdọ̀ fi pẹ́ńsù yà á sínú ìwé. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín pé kí ni wọ́n ń fi pamọ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bàbá orí bẹ́ńṣì ni mò ń rò. Àti pé ṣèbí àwa náà nìyí? Tí Ẹ̀yọ̀ bá máa jáde, ta ló tó wọ bàtà síwájú Ẹ̀yọ̀? Ta ló tó mu sìgá, tàbí kó gun ọ̀kadà kọjá? Ní 2017 tí Ẹ̀yọ̀ jáde, mo ṣì kéré, ṣùkú ni mo dì lọ́sẹ̀ yẹn. Màmá mi jókòó tú u lóru nítorí pé ṣùkú náà jẹ́ èèwọ̀. Mo sunkún gan-an.

Bó ṣe di pé kí n máa fi ẹnu ròyìn nìyẹn. Tí mo bá ti wọlé, ìyá àgbà á ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí ni ojú rẹ rí lónìí?"

Níbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kì í ju mẹ́ta lọ: mo rí ilé, mo rí èèyàn, ooru mú. Ó ní ṣé afọ́jú ni mí ni. Òun ló ń bi mí ní ìbéèrè tí mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan. Ní Kakawa, ó bi mí bóyá mo wo Ilé Omi. Mi ò mọ̀ pé ilé kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé ìdílé da Rocha ni, àwọn tó ti Brazil dé. Kànga wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ta omi rẹ̀ fún àwọn ará Èkó kí omi ẹ̀rọ tó dé. Mo ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yẹn láìmọye ìgbà! Ní Pópó Àgùdà, ó ní kí n wo òkè fèrèsé àwọn ilé tó kù, kí n wo òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe sára wọn. Àwọn bíríkìlà Àgùdà tó ti òkè òkun padà wá ló kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn tó wà lókè báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń jẹrà; ilé gogoro tí wọ́n kùn ní àwọ̀ eérú ló yí wọn ká. Mo fẹ́ràn Pópó Àgùdà jù ní ọjọ́ Fráídè Rere, tí òórùn fùréjọ̀n, ẹ̀wà àti omi àgbọn, á máa jáde láti ojúlé dé ojúlé. Mùsùlùmí ni wá nílé, ṣùgbọ́n kò sí ọdún tí wọn kì í gbé abọ́ tiwa wá.

Ìta Fájì nìkan ni mo máa ń yára kọjá. Ọjọ́rú, 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan wó níbẹ̀, ilé-ìwé àwọn ọmọdé sì wà lókè rẹ̀. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lèmi náà nígbà yẹn. Àwọn tó kú níbẹ̀, ó yẹ kí wọ́n wà ní sẹ́kọ́ńdìrì báyìí. Ìyá àgbà kì í bi mí ní ohun tí mo rí ní Ìta Fájì, èmi náà kì í sì í sọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn ilé tó ti rẹ̀, tí wọ́n sì ń wó wọn. Ẹ wò ó, mi ò mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Ilé tó lè pa èèyàn, kí wọ́n wó o. Ṣùgbọ́n èèyàn ń gbé inú ẹ̀.

Ní Ìdúmàgbò, ìyá alákàrà kan wà. Òun àti ìyá àgbà jọ dàgbà ni. Lójoojúmọ́ tí mo bá kọjá, á ní, "Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, eékún rẹ̀ ńkọ́?" Á wé àkàrà méjì fún mi pé kí n bá òun gbé e fún un. Mo lè jẹ ọ̀kan lọ́nà nígbà mìíràn, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní ọjọ́ Tuesday kan ní táàmù yìí, a pẹ́ nínú láàbù. Òjò ti ṣú, bẹ́ẹ̀ tí òjò bá rọ̀ ní Ìdúmàgbò, omi á dé orókùn. Mo bá àwọn ọ̀rẹ́ mi wọ kéké, a ra mít-páì, a fi ojú títì délé wẹ́rẹ́. Mo wọlé, ìyá àgbà béèrè ìbéèrè rẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí. Mo ní, "Kò sí nǹkan tuntun mà. Ìyá alákàrà ní kí n kí yín."

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ó kí mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ó dáa. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ."

Mo wọ ilé ìdáná láti wá oúnjẹ. Àkàrà ló kún inú abọ́ lórí tábìlì, ó tó ogún. Mo bi màmá mi pé ta ló gbé e wá. Wọ́n ní ìyá alákàrà ni, pé òun fúnra rẹ̀ ló wá láàárọ̀, pé ọmọkùnrin méjì ló dì í mú gun àtẹ̀gùn. Wọ́n ti kọ àmì pupa sára ilé tó ń gbé, ọmọ rẹ̀ sì ti wá kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìkòròdú. Ó wá dágbére ni. Wọ́n ní òun àti ìyá àgbà di ara wọn mú, wọ́n jọ sunkún bí ọmọdé.

Mo dúró nínú ilé ìdáná yẹn, mi ò lè padà sí pálọ̀. Ìyá àgbà kò bá mi wí, kò sọ fún bàbá mi. Ìyẹn ló burú jù.

Lọ́jọ́ kejì, mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Mo dúró síwájú ilé náà títí ẹnì kan fi bi mí pé ṣé mo sọ nǹkan nù ni. Nígbà tí mo délé, mi ò tilẹ̀ tíì bọ́ bàtà.

"Àbẹ̀kẹ́, kí ni ojú rẹ rí lónìí?" Ohùn kan náà bíi ti tẹ́lẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Lánàá, mi ò gba ibẹ̀."

"Mo mọ̀. Tòní ni mo bi ọ́."

Mo sọ fún un. Mo ní ibi tí ààrò ìyá alákàrà máa ń wà ti dúdú sílẹ̀ rọ̀bọ̀tọ̀, epo ti mu ún, òjò kò lè fọ̀ ọ́. Mo ní wáyà ni wọ́n fi so ilẹ̀kùn. Mo ní àmì pupa náà wà lápá òsì, àwọn ọmọ sì ti fi ẹ̀fun ya ojú ilé bọ́ọ̀lù sábẹ́ rẹ̀. Mo ní bẹ́ńṣì tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó lé ṣì wà níta, ẹnì kan sùn sórí ẹ̀.

Ìyá àgbà ń mi orí. Ó ní, "Igi fúrúùtù ẹ̀yìn ilé náà ńkọ́? Àwa méjèèjì la gbìn ín."

Mi ò mọ̀ pé igi wà níbẹ̀. Mo ní, "Mi ò dé ẹ̀yìn ilé, mà."

"Ọ̀nà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún. Kí àwọn tó wà níbẹ̀ kí o tó wọlé."

Torí náà, tí ẹ bá rí mi tí mo yà sí Kakawa lọ́sàn-án òní, ẹ má dá mi dúró o. Igi ni mò ń lọ wò.