Agbẹ́jọ́-Ẹnìkan-Dá

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀rọ pẹ̀lú.

Katakata agbẹ́lẹ̀ kan rẹ̀wẹ̀sì ní ibi ìfọ́kùúta lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Apá rẹ̀ ń gbéra bí apá arúgbó. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ń ké pé agbára ọ́ìlì kò tó. Olówó rẹ̀ ti fẹ́ ta ilẹ̀ baba rẹ̀ láti fi ra pọ́ǹpù tuntun.

Bàbá réwáyà ní kí ó mú sùúrù. Ó de géèjì mọ́ ojú ọ̀nà ọ́ìlì: agbára rẹ̀ pé. Pọ́ǹpù kò jẹ̀bi. Ọmọ iṣẹ́ nawọ́ sí sẹ́ńsọ̀ pé òun ni òpùrọ́. Bàbá ní, “Ìwọ náà má tíì dájọ́.”

Wáyà mẹ́ta ni sẹ́ńsọ̀ ní: ọ̀kan ń gbé iná fólítì 5 wá, ọ̀kan ń dá a padà, ẹ̀kẹta ń jíṣẹ́. Bàbá fi mítà wọn ìjíṣẹ́ náà ní ẹnu sẹ́ńsọ̀: ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, bí apá ti ń ṣiṣẹ́. Ó wọ̀n ọ́n ní ẹnu kọ̀ǹpútà: òfo. Sẹ́ńsọ̀ sọ òtítọ́. Ojú ọ̀nà ni ìjíṣẹ́ sọnù sí. Irin ti ha wáyà títí ó fi já.

Wáyà tí kò gùn ju ìka lọ ni ó yọ ilẹ̀ baba ẹni lọ́wọ́ títà.