Orí Idẹ Ifẹ̀ nínú Fọ́tò Rótìmí

Aago mẹ́fà àárọ̀ kò tíì lù tí mo fi wọ mọ́tò ní Ibiade. Àwọn ìyá ẹlẹ́ja ti di ẹrù wọn sẹ́yìn ọkọ̀, òórùn ẹja yíyan sì bò wá títí a fi dé Ore. Ibẹ̀ ni mo ti wọ ọkọ̀ míì, a gba Oǹdó lọ sí Ilé-Ifẹ̀.

Fọ́tò kan ló gbé mi dìde. Rótìmí Fani-Káyọ̀dé yà á ní 1987, ó pè é ní Bronze Head: ìbàdí àti itan ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan níhòòhò, orí idẹ Ifẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ìyá tó jókòó tì mí yọjú wo fóònù mi.

"Ọmọ mi, ṣé orí Ifẹ̀ kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni, mà."

Ó tẹjú mọ́ ọn, kò sọ nǹkan míì.

Èkó ni wọ́n ti bí Rótìmí ní 1955, àmọ́ ọmọ Ifẹ̀ ni. Bàbá rẹ̀, Olóyè Rẹ̀mí Fani-Káyọ̀dé, ni igbákejì Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Nígbà tí ológun gbàjọba ní 1966, ìdílé náà sá lọ sí Brighton. Ó kàwé ní Amẹ́ríkà, ó wá fi Brixton ní London ṣe ilé. Ọkùnrin ló fẹ́ràn, kò sì fi pamọ́.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù nìyí: ó gbé ọkùnrin dúdú tó fẹ́ràn ọkùnrin kalẹ̀ bí abọrẹ̀, kì í ṣe bí ohun ìran. Nínú fọ́tò rẹ̀ tó pè ní Sonponnoi, àmì tótòtó kún ara ọkùnrin náà, àbẹ́là tó ń jó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣànpọ̀nná ni, òrìṣà ìgbóná tí àwọn àgbà kì í pè lórúkọ, tí wọ́n ń pè ní Olóde, lásìkò tí éèdì ń pa àwọn ọ̀rẹ́ tẹ̀léra wọn. Ní 1988, ìwé rẹ̀, Black Male/White Male, jáde. Ọdún náà ló wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ ayafọ́tò Autograph sílẹ̀, òun sì ni alága àkọ́kọ́. Éèdì mú òun náà lọ ní December 1989, lẹ́ni ọdún 34. Lónìí, àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé London, Tate àti V&A ń tọ́jú fọ́tò rẹ̀. Nílé, òfin 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 dúró de ọkùnrin méjì tó bá fẹ́ra wọn.

Ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ifẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, mo dúró níwájú orí idẹ kan. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ti iwájú orí sọ̀ dé àgbọ̀n, ihò wẹ́wẹ́ yí ẹnu ká. Mo gbé fóònù mi sún mọ́ gíláàsì.

"Àǹtí, a kì í ya fọ́tò níbí o."

"Mi ò yà á, ẹ̀gbọ́n. Mo gbé ọ̀kan wá ni."