Ìròyìn Kò Tó Àfojúbà

Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni, ṣùgbọ́n ó jọ pé ayé òde òní fẹ́ gbàgbé rẹ̀, nítorí ìròyìn ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé bí ó bá ti pọ̀ jọjọ, yóò sọ ara rẹ̀ di àfojúbà. Ẹ jẹ́ kí a gbé ẹ̀ka kan nínú ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, èyí nì ni bí àwọn ènìyàn ti ń fi ẹ̀rọ tí ń ka ìwé ìròyìn wá ibi tí olórí ìlú tàbí ènìyàn ńlá kan wà, àti ibi tí ó yẹ kí a gba ẹ̀rí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dé.

Kì í ṣe òní ni aráyé ti ń bèèrè pé, "Níbo ni ọ̀gá wà?" Ní ilẹ̀ Yorùbá, a kì í sọ pé ọba kú, a ní ọba wàjà. A kì í sì í tètè kéde rẹ̀. Àwọn ìjòyè a kọ́kọ́ ṣe ètò tí ó yẹ, kí ìlú tó gbọ́. Ní gbogbo àkókò yìí, ẹni tí ó bá gbọ́n a máa wo àmì: ta ni ń wọ ààfin, ta ni ń jáde, ìlù wo ni kò dún mọ́ láàárọ̀. Iṣẹ́ àmì wíwò yìí gan-an ni a gbé lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ lónìí, àfi pé inú ìwé ìròyìn ni ẹ̀rọ ti ń wo àmì tirẹ̀, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ààfin.

Kí ẹ̀rọ tó dé, ọwọ́ ènìyàn ni a fi ń ṣe é. Láti ìparí ọ̀rúndún 19 ni àwọn ilé iṣẹ́ kan ti wà ní Lọ́ńdọ́nù àti ní New York tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ka ìwé ìròyìn lójoojúmọ́, kí wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé gbogbo ibi tí orúkọ oníbàárà wọn bá ti jáde, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀ ní 1939, BBC dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí ń fetí sí rédíò àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, tí ó sì ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ní 2003 ni ilé iṣẹ́ Google gbé Google Alerts jáde. Ẹ ó kọ orúkọ ẹni tí ẹ ń wá sílẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti ọjọ́ náà lọ, bí orúkọ náà bá ti jáde nínú ìròyìn lórí ayélujára tí ẹ̀rọ sì rí i, yóò fi ímeèlì ránṣẹ́ sí yín. Kò ń béèrè owó, kò ń sùn, kì í sì í rẹ̀ ẹ́.

Mo wà ní ìlú òyìnbó lórí ẹ̀kọ́ nígbà tí Ààrẹ Umaru Musa Yar'Adua lọ gba ìtọ́jú ní ìlú Jeddah ní Saudi Arabia, ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá 2009. Gbogbo àwa ọmọ Nàìjíríà tí a wà níbẹ̀, ìbáà ṣe Hausa, ìbáà ṣe Ìgbò, Tiv tàbí Yorùbá, ìbéèrè kan náà ni ó wà lẹ́nu wa. Mo fi orúkọ Ààrẹ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ náà. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ ni ímeèlì ti ń dé. Ọ̀kan a ní ara rẹ̀ ti ń yá. Òmíràn a ní ó kù dẹ̀dẹ̀ kí ó padà. Òmíràn a ní ó ti kú. Àwọn kan kò tilẹ̀ kan Ààrẹ rárá. Ìpàdé ni àwọn ènìyàn kan ṣe ní gbọ̀ngàn Shehu Musa Yar'Adua ní Abuja, èyí tí a fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó kú ní 1997 pè. Ẹ̀rọ kò mọ ẹ̀gbọ́n yàtọ̀ sí àbúrò, kò sì mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè. Bí a ti kọ orúkọ sílẹ̀ nìkan ni ó mọ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní 2010, a gbọ́ ohùn Ààrẹ lórí BBC, ṣùgbọ́n a kò rí ojú rẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n gbé e padà sí Abuja, síbẹ̀ ìlú kò rí i ní gbangba títí ó fi papòdà ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún náà. Bí a bá wo ọ̀rọ̀ yìí ní àwòfín, a ó rí i pé ìlú mọ ibi tí ó wà láti ìbẹ̀rẹ̀: Jeddah ni. Ohun tí ìlú kò mọ̀ ni bóyá ó lè ṣe ìjọba. Nígbà tí àwọn ará ìlú bá ń bèèrè pé níbo ni olórí wà, kì í ṣe orúkọ ìlú ni wọ́n ń wá. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ni ẹ̀rọ kò lè bá wọn wá rí.

Iṣẹ́ mi ni ó kọ́ mi bí a ti í ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀. Alábẹ̀wò ilé-ìwé ni mí. Bí mo bá wọ iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ohun méjì ni mo máa ń wò: ìwé ìpè-orúkọ tí ó wà lórí tábìlì tísà, àti àwọn ọmọ tí ó wà lórí bẹ́ńṣì. Ìwé lè sọ pé ọmọ 42 ni ó wà; bẹ́ńṣì lè sọ pé 27 ni. Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ó jẹ́ pé tísà purọ́. Nígbà mìíràn, àmì ti àná ni ó dà kọ sí ti òní. Nígbà mìíràn, ọmọ méjì ni ń jẹ́ orúkọ kan. Nígbà mìíràn sì ni ọmọ náà wá láàárọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti gba oko lọ kí agogo mẹ́wàá tó lù.

Àléébù mẹ́ta wọ̀nyí ni ó wà nínú ìròyìn tí ẹ̀rọ ń kó jọ. Ti orúkọ kan náà, a ti rí i lókè. Èkejì ni àdàkọ. Oníròyìn kan kọ ọ̀rọ̀ kan, ogún ìwé ìròyìn dà á kọ, ẹ̀rọ sì mú ogún ìròyìn wá. Ogún ẹnu ni ó sọ ọ́, ojú kan ṣoṣo ni ó rí i. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé kò sí ojú kankan tí ó rí i. Ní oṣù Kọkànlá 1989, nígbà tí a kò tíì mọ ayélujára níhìn-ín, ìròyìn gba gbogbo Nàìjíríà pé Dókítà Nnamdi Azikiwe ti kú. Baba wà láàyè. Ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún 1996 ni ó tó dágbére fún ayé. Ẹ̀kẹta ni àkókò. Ọjọ́ tí a tẹ ìròyìn jáde kì í ṣe ọjọ́ tí ohun náà ṣẹlẹ̀, àwòrán tí a sì lẹ̀ mọ́ ọn lè ti lo ọdún mẹ́ta nínú àpótí.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fọwọ́ rọ́ ẹ̀rọ sẹ́yìn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2011, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Kalev Leetaru tẹ ìwádìí kan jáde. Ó kó ìròyìn ọgbọ̀n ọdún jọ fún ẹ̀rọ, èyí tí ẹ̀ka BBC tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kọ sílẹ̀ wà nínú wọn, ó sì ní kí ẹ̀rọ wo àwọn ìlú tí a máa ń dárúkọ mọ́ Osama bin Laden. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò pé Afghanistan ni ọkùnrin náà sá sí. Àríwá Pakistan ni ẹ̀rọ tọ́ka sí, ní àyíká tí ó fẹ̀ tó kìlómítà 200 láti àárín rẹ̀ dé etí. Ìlú Abbottabad, níbi tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti pa á ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún 2011, wà nínú àyíká náà.

Ohun ìyanu ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n dáadáa. Lẹ́yìn tí wọ́n ti rí ọkùnrin náà ni a tẹ ìwádìí yìí jáde. Ìròyìn kan ṣoṣo ni ó sì dárúkọ Abbottabad mọ́ ọn ṣáájú ìgbà náà. Bí a bá fi Ìbàdàn ṣe àárín irú àyíká bẹ́ẹ̀, Èkó, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Ìlọrin àti Àkúrẹ́ ni yóò wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ lè sọ ẹkùn tí ó yẹ kí a kọjú sí. Ẹnu ọ̀nà ilé tí a ó kàn, ènìyàn ni yóò wá a rí.

Ibi tí irú iṣẹ́ yìí ti wúlò jù lọ ni ibi tí a ti ń ka ohun tí ó ti kọjá. Ààrẹ Paul Biya gorí àlééfà ní Kamẹrúùnù, aládùúgbò wa, ní 1982. Ní oṣù Kejì 2018, ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn olùṣèwádìí tí ń jẹ́ OCCRP ṣí ìwé ìròyìn ìjọba rẹ̀ gan-an, Cameroon Tribune, wọ́n sì ka iye ọjọ́ tí ìwé náà sọ pé Ààrẹ lò ní òkè òkun. Àpapọ̀ ìrìn àjò ti ara rẹ̀ nìkan tó ọdún mẹ́rin àbọ̀, ó kéré tán. Kò sí àṣírí kankan nínú rẹ̀. Ìjọba ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, kò kàn sí ẹni tí ó rò ó pọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Ààrẹ yìí kan náà kúrò lójú lẹ́yìn ìpàdé Ṣáínà àti Áfíríkà tí ó lọ ní Beijing ní oṣù Kẹsàn-án 2024, àkójọ ìròyìn kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìròyìn ikú rẹ̀ gbòde kan. Ìjọba ní ara rẹ̀ le. Nígbà tí ó di oṣù Kẹwàá, mínísítà kan pàṣẹ pé kí àwọn oníròyìn má ṣe jíròrò ìlera Ààrẹ mọ́. Ọjọ́ 21 oṣù náà ni ó padà sí Yaoundé, tí àwọn ènìyàn sì fi ojú ara wọn rí i. Ẹ wò ó bí ó ti rí: àṣẹ mínísítà kò pa àhesọ, ojú tí ó rí Ààrẹ ni ó pa á.

Nítorí náà, èmi rò pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ni ó yẹ kí ìdáhùn ti wá. Òfin ni ó yẹ kí ó fún wa. Abala 145 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ní bí Ààrẹ bá ń lọ fún ìsinmi, tàbí tí kò bá lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kí ó kọ̀wé sí àwọn olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, Igbákejì rẹ̀ yóò sì ṣe adelé. Ní 2009, kò sí ìwé bẹ́ẹ̀, òfin kò sì dá ọjọ́ fún un. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì 2010 ni àwọn aṣòfin tó fi Goodluck Jonathan ṣe adelé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n tún abala náà ṣe ní ọdún kan náà: bí ọjọ́ 21 bá kọjá tí Ààrẹ kò kọ̀wé, àwọn aṣòfin lè fi Igbákejì ṣe adelé.

Ní 2017, Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ̀wé kí ó tó lọ gba ìtọ́jú ní Lọ́ńdọ́nù. Láti ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún títí di ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ, ó ju ọjọ́ 100 lọ tí kò fi sí nílé, ṣùgbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ni ó ṣe adelé. Ìwé kan ṣoṣo ṣe ohun tí ẹgbẹ̀rún ìròyìn kò lè ṣe. Nípa àìsàn rẹ̀, ìwé kò sọ nǹkan kan, ibẹ̀ gan-an sì ni àhesọ ti hù. Nígbà tí ó fi di oṣù Kejìlá 2018, Ààrẹ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ilẹ̀ Poland pé òun kọ́ ni ẹlòmíràn tí a gbé wọ aṣọ òun.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò gbọdọ̀ fò dá. Ẹni tí a fi àṣẹ lé lọ́wọ́, tí a ń fi owó ìlú bọ́, kò lè bínú bí ìlú bá bèèrè ibi tí ó wà. Ṣùgbọ́n okùn tí a fi ń so ẹran la tún lè fi so ènìyàn. Ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ Ààrẹ lè ṣọ́ ìyàwó tí ó sá fún ọkọ oníjà, ó sì lè ṣọ́ tísà tí kò dá ẹnikẹ́ni lóró. Níbi tí kò bá ti sí àṣẹ ìlú lọ́wọ́ ènìyàn, ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ wa.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ń ka ìwé yìí, láti Sókótó dé Calabar, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín. Àwọn ọmọ wa ń ka ìròyìn lórí fóònù kí wọ́n tó mọ ìwé kà tán. Ẹ kọ́ wọn kí wọ́n máa bi ìròyìn kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó fi ojú ara rẹ̀ rí i? Ọjọ́ wo ni ó rí i? Lọ́dọ̀ ta ni ìwọ tí ń sọ ọ́ fún mi ti gbọ́ ọ? Kò gba ẹ̀rọ, kò gba owó, ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀ sì tó fún un. Ọmọ tí ó bá mọ̀ ọ́n bèèrè ní ilé-ìwé kò ní gba àhesọ gbọ́ nígbà tí ó bá dàgbà tó ẹni tí ń dìbò.