Ọmọ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ti wà ní ọkàn mi láti nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìtìjú ni kò jẹ́ kí n tètè mú gègé. Kì í ṣe ẹlòmíràn ni ó dójú tì mí. Èmi ni mo dójú ti ara mi. Èmi katikíìsì, tí a kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ìjọ bí a ti í kọ́ ọmọdé àti àgbàlagbà, mo ti gbà pé kò sí ohun tí ọmọ mi lè rí kọ́ ní ilé-ìwé tí n kò lè fi kọ́ ọ ní ìloro ilé mi ní Ìlobì níhìn-ín. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ti rí àṣìṣe mi.

Ọmọ mi obìnrin kan, tí í ṣe ìkejì nínú àwọn mẹ́ta tí Ọlọ́run fi fún wa, ní àìsàn tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní arọmọléegun. Inú ẹ̀jẹ̀ ni àìsàn náà ń gbé, láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá pọ̀ ni ọmọ sì ti ń jogún rẹ̀. Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ̀ fẹ́ra, a kò yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò. Ìfẹ́ ni a wò. Òtútù ọyẹ́ a máa ru àìsàn náà sókè, òjò a sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ọmọ náà wà ní ọmọ ọdún méje, ó pẹ́ dé ilé-ìwé kan tí n kò ní dárúkọ, olùkọ́ kan sì mú un kúnlẹ̀ nínú ìrì òwúrọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni a lò ní ilé-ìwòsàn lẹ́yìn èyí. Nígbà tí a padà dé, mo mú àpótí ìwé rẹ̀, mo gbé e sórí àjà, mo sì wí fún ìyá rẹ̀ pé ó tán.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́ ọ fúnra mi. Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, a ó jókòó ní ìloro, a ó ka Bíbélì, a ó ṣe ìṣirò, a ó kọ Gẹ̀ẹ́sì, a ó sì kọ orin. Ní ọjọ́ tí ara bá ń ro ó, orí ẹní ni yóò dùbúlẹ̀ sí, èmi yóò sì máa kàwé sí i létí. Ìyá rẹ̀ a máa ta gàrí, mo sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ìdí kóńgò gàrí ni ọmọ náà ti mọ ìṣirò ju bí ó ti mọ̀ ọ́n lọ́dọ̀ mi lọ. Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó ń kàwé ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń lọ sí ilé-ìwé lójoojúmọ́. Mo yọ̀, mo sì gbéraga díẹ̀.

Ẹ̀rù kò ṣàì bà mí pẹ̀lú. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2004 pa á láṣẹ pé kí òbí rí i pé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé gíga, kí ó sì parí rẹ̀. Ẹni tí ó bá rú òfin náà, ìbáwí ni ní ìgbà èkínní. Ní ìgbà kejì, owó ìtanràn ₦2,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. N kò tíì gbọ́ pé a mú ẹnikẹ́ni ní agbègbè wa yìí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹni tí ń ka Òfin Mẹ́wàá sí ìjọ létí máa fi ara pamọ́ fún òfin kan ṣoṣo.

Mo ń tu ara mi nínú pé kíkọ́ ọmọ nínú ilé kì í ṣe ohun àjèjì nílẹ̀ wa. Ní Yewa yìí, ta ni ó kọ́ agbẹ́gilére ní iṣẹ́ rẹ̀ bí kò ṣe bàbá tàbí ọ̀gá tí ó ń bá gbé? Àwọn kan tilẹ̀ ń wí pé Ìlobì gan-an ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ará Kétu kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, kò sí rẹ́jísítà nínú ilé tí a ti kọ́ wọn ní ijó àti ère rẹ̀. Mo sì máa ń rántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ẹni tí a mú ní ẹrú ní Òṣogùn ní 1821. Nígbà tí a dá a sílẹ̀ ní Sàró, ó kọ́ ìwé, ó sì kọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Nígbà tí míṣọ́nárì kan sì mú un lọ sí Ìlú Òyìnbó ní 1826, ó fi ìwọ̀nba oṣù díẹ̀ lọ sí ilé-ìwé ìjọ kan ní Islington. Ilé kọ́ ọ, ibi iṣẹ́ kọ́ ọ, ilé-ìwé náà sì kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń fi ìtàn yìí gbe ara mi, n kò fiyèsí apá ìkẹyìn rẹ̀.

Ọmọ náà ni ó la ojú mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà ní ìta, wọ́n ń bi ara wọn ní ìbéèrè nítorí ìdíje kan tí àwọn ilé-ìwé fẹ́ ṣe. Èyí tí ó wà nínú ilé mọ ìdáhùn gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ tí ó ń dáhùn jẹ́jẹ́ láti ojú fèrèsé, kò sì sí ẹni tí ó gbọ́ ọ. Nígbà tí ó ṣe, ó yíjú sí mi, ó ní, “Bàbá, èmi náà ńkọ́? Ta ni mo ń bá díje?” N kò rí ìdáhùn fún un. Mo ní kí ó lọ bu omi mu.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo lọ sí ilé-ìwé ìjọba mìíràn, mo sì bá ọ̀gá wọn, obìnrin àgbà kan. Lẹ́yìn tí a kíra tán, mo wí fún un pé mo fẹ́ kí ọmọ mi máa wá ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, orin àti ìdíje, kí èmi sì máa kọ́ ọ ní ìyókù nínú ilé.

Ó wò mí títí. Ó ní, “Bàbá Katikíìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Àyè tí ó wà nínú rẹ́jísítà mi, ti odidi ọmọ ni. N kò mọ ibi tí mo fẹ́ kọ ààbọ̀ ọmọ sí.”

Mo ní, “Màmá, odidi ọmọ ni. Ara rẹ̀ ni kò gbà á.”

Ó ní máàkì ńkọ́, nítorí pé láti ọjọ́ pípẹ́ ni a ti ń ka iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ mọ́ ìdánwò òpin sáà. Ta ni yóò fún un ní máàkì ní ọjọ́ tí kò bá wá? Ṣé bàbá rẹ̀ ni? Mo padà sílé pẹ̀lú orí sísọ.

Ní àárín ìgbà náà, mo wádìí bí wọ́n ti ń ṣe é ní ibòmíràn. Ní Jámánì, òfin kò gbà pé kí òbí kọ́ ọmọ nínú ilé dípò ilé-ìwé. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1944 ti wí pé kí òbí mú kí ọmọ rẹ̀ gba ẹ̀kọ́ nípa lílọ sí ilé-ìwé tàbí ní ọ̀nà mìíràn. Òfin 1996 sì tún un wí. Ọ̀gá ilé-ìwé níbẹ̀ lè gbà pé kí ọmọ máa wá ní ọjọ́ díẹ̀ lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n òbí kò lè fi ipá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀. Láti 1996 ni Florida ti gbà kí ọmọ tí a ń kọ́ nínú ilé máa bá ilé-ìwé ìjọba ṣe eré ìdárayá. Ní ọ̀nà yìí ni Tim Tebow, ọmọ àwọn míṣọ́nárì Onítẹ̀bọmi, ẹni tí ìyá rẹ̀ kọ́ nínú ilé, fi gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ti Amẹ́ríkà ní Nease High School. Ní 2007 ó gba Heisman, ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ fún ẹni tí ń gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ ní yunifásítì. Àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tí ó fẹ́ ṣe irú òfin kan náà sì ń fi orúkọ rẹ̀ pè é. Inú mi dùn sí ìtàn yìí, ṣùgbọ́n kí ni Florida fẹ́ ṣe fún mi ní Ìlobì? Ọwọ́ obìnrin kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ mi wà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ó tó ránṣẹ́ pè mí. Ó ti kọ orúkọ ọmọ náà sínú rẹ́jísítà bí ti gbogbo ọmọ. Ó ní, “Ọmọ ilé-ìwé mi tí ara rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yá ni. Ọjọ́ tí kò bá wá, màá kọ ọ́ pé kò wá.” Ó ní kí gbogbo ìdánwò jẹ́ níwájú òun, kí n sì máa fi ìwé iṣẹ́ ilé rẹ̀ ránṣẹ́ ní gbogbo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kí olùkọ́ lè yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tí ó wí kẹ́yìn ni pé kò sí ẹnikẹ́ni tí yóò fi í sínú ìrì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni a mú. Nítorí náà ni àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi sọ ọ́ ní “Ìṣẹ́gun”. Ó sunkún ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀.

Ìwé èdè Yorùbá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ dójú tì mí. Gègé pupa kún ojú ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọmọ mi ti kọ “aiye”, ó ti kọ “enia”, ó ti kọ “nwọn” àti “ọkọnrin”, bí ó ti rí wọn nínú Bíbélì àtijọ́ tí mo fi ń kọ́ ọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti yí àkọtọ́ padà. 1974 ni a fi òǹtẹ̀ lu ti ìsinsìnyí, kí a tó bí èmi fúnra mi! Ó bi mí pé, “Bàbá, ṣé àwọn tí ó kọ Bíbélì ni kò mọ̀wé ni?” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò sùn dáadáa ní òru ọjọ́ náà. Mo ń ronú iye nǹkan mìíràn tí mo ti fi kọ́ ọ bí a ti fi kọ́ èmi náà, tí kò sì sí ẹni tí yóò fi gègé pupa sí i.

Mo tún rí ohun kan. Nínú ilé, bí ó bá ṣi ìṣirò, èmi nìkan ni mo rí i. Ní ilé-ìwé, ogójì ọmọ ni ó rí i. Ní ọjọ́ kan tí wọ́n gbin ẹ̀wà sínú agolo láti wo bí irúgbìn ti ń hù, ó fi ìdánilójú wí pé èyí tí a gbé sínú òkùnkùn kì yóò hù rárá. Ó hù, ó tilẹ̀ ga ju èyí tí ó wà nínú oòrùn lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò sì lágbára. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó padà sílé, ó jẹun, ó sì bi mí léèrè ohun tí ó fà á. Ọmọ tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀ ìbá ti ya ìwé náà.

Ọ̀rọ̀ ìbá parí síbí, bí kò ṣe ti obìnrin kan nínú ìjọ wa. Lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ Àìkú kan, ó dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Bàbá Ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ọmọ tèmi náà ń bá mi lọ sí oko ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò bá mi ru ẹ̀gẹ́. Bí ó bá dé ilé-ìwé ní ọjọ́ kejì, wọ́n á nà án. Ọmọ tiyín kì í lọ ní ọjọ́ mẹ́ta, wọn kò sì nà án. Kí ni ó fà á?”

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ àìsàn, ṣùgbọ́n ó mọ̀ nípa àìsàn náà. Òun ni ó tilẹ̀ bá wa sùn ní ilé-ìwòsàn ní òru ọjọ́ kan. Ohun tí ó ń béèrè ni pé èmi mọ ẹni tí n ó bá sọ̀rọ̀, mo sì mọ bí a ti ń sọ ọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn, n kò sì lè sẹ́ ẹ. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ayé àtijọ́, láti 1844, òfin gbà kí ọmọ tálákà máa ṣe iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ fún ààbọ̀ ọjọ́, kí ó sì lọ sí ilé-ìwé fún ààbọ̀ kejì. Òfin 1918 ni ó fòpin sí i. Àárẹ̀ ni wọ́n ń gbé wọ kíláàsì. N kò fẹ́ irú èyíinì fún ọmọ obìnrin náà, ṣùgbọ́n pàṣán kò lè ru ẹ̀gẹ́ ìyá rẹ̀ dé ilé.

Mo lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní òun kò lè kọ ọ́ sínú ìwé pé òun gba ọmọ láyè láti lọ sí oko, ṣùgbọ́n òun lè bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ pàṣán. Èmi pẹ̀lú sì wí fún obìnrin náà pé kí ọmọ rẹ̀ máa wá sí ìloro mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ oko, kí ọmọ mi fi ohun tí wọ́n kọ́ hàn án bí ó bá jẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́bọ̀. Ó wá. Ó mú ẹnìkan lẹ́yìn. Ní ìsinsìnyí wọ́n di márùn-ún, ẹfun ìkọ̀wé mi kì í sì pẹ́ tán mọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án tí ń bọ̀, ọmọ mi yóò wọ ilé-ìwé gíga, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn ju ti ìsinsìnyí lọ, ọ̀gá ibẹ̀ sì jẹ́ ọkùnrin tí n kò mọ̀ rí. Mo ti kọ lẹ́tà sí i. Ọmọ náà gbà á lọ́wọ́ mi kí n tó fi ránṣẹ́, ó sì fi gègé pupa tún ọ̀rọ̀ mẹ́ta ṣe nínú rẹ̀, mo sì jókòó láti tún un kọ. Èsì kò tíì dé.