Láti Òkè-Odò dé Òkè Òkun: Bí Aago Màmá Mi Ṣe Tún Dún

Mo mọ̀ pé mo jẹ yín ní gbèsè ọ̀rọ̀ lórí oríkì orílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ forí jì mí. Láti bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ aago ni ó gba gbogbo ọkàn mi. Aago tí mo ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a ń so mọ́ ọrùn ọwọ́. Tẹlifóònù ni. Ó jọ pé dídún tí ẹ̀rọ náà ń dún bí agogo ni àwọn àgbà ṣe ń wí pé "tẹ̀ mí láago", ọ̀rọ̀ náà sì dùn létí mi ju "kọ̀ọ̀lù mi" tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń sọ lọ. Títí di òní, bí màmá mi bá fẹ́ gbúròó mi, "tẹ̀ mí láago" náà ni wọ́n ń sọ.

Òkè-Odò ni màmá mi ń gbé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tí ó bá mọ Ilé-Epo àti Abúlé-Ẹ̀gbá ní ojú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta yóò mọ àdúgbò náà àti ọjà rẹ̀. Orúkọ yìí máa ń wù mí í gbọ́. "Òkè" tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe òkè gíga tí a ń pọ́n. Òdìkejì ni ó ń tọ́ka sí, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú "òkè òkun". Ẹni tí ó wà ní òkè odò wà ní ìkọjá odò, ẹni tí ó wà ní òkè òkun sì wà ní ìkọjá òkun. Àárín òkè méjèèjì yìí ni ìtàn mi wà.

Ọdún mẹ́rin ni màmá mi fi wà ní Maryland, ní Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin, tí wọ́n ń bá a tọ́ ọmọ. Kí wọ́n tó dé ibẹ̀ tán ni àbúrò mi ti ra fóònù àti síìmù fún wọn. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé ọmọ ọdún márùn-ún, wọ́n kọ́ ọ ní nọ́ńbà kan kí ó mọ̀ ọ́n sórí, kí ó lè sọ ọ́ bí ó bá sọnù. Nọ́ńbà màmá mi ni. Ọmọ náà a máa kà á bí ẹni ń ka orin.

Nígbà tí màmá mi padà sílé, bí bàálù ti balẹ̀ ní Ìkejà ni síìmù Amẹ́ríkà ti dákẹ́. Mo ra síìmù Nàìjíríà fún wọn, mo fi í sínú fóònù kan náà, nítorí fóònù náà ń gba síìmù méjì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. WhatsApp ṣáà wà. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà kò ní fóònù tí ó ní WhatsApp. Fóònù ilé ni ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá ti ilé ìwé dé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ wọn, tí í ṣe aago mẹ́sàn-án alẹ́ wa ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Nígbà tí àbúrò mi bá fi máa ti ibi iṣẹ́ dé, màmá mi ti sùn. Àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n jọ wà ní Maryland pàápàá, nọ́ńbà ni wọ́n ń tẹ̀. Wọn kò fẹ́ mọ ohunkóhun tí ó ju ìyẹn lọ.

Màmá mi kò sọ nǹkan kan. Ó ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, bí ẹni tí kò ka ọ̀rọ̀ náà sí, pé: "Ọkọ mi ti gbàgbé mi." Mo bi àbúrò mi. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ojoojúmọ́ ni ó ń pè wọ́n. Ẹ̀rọ kan ní ń dá a lóhùn." Ohùn ẹ̀rọ náà ni ọmọ náà rò pé ìyá àgbà ti di.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí wádìí ohun tí wọ́n ń pè ní "Wi-Fi Calling". Ẹ jẹ́ kí n pè é ní ìpè orí Wi-Fi, títí ẹni tí ó gbọ́n jù mí lọ yóò fi fún un lórúkọ. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ilé iṣẹ́ T-Mobile ní Amẹ́ríkà ti ń ta irú rẹ̀ láti 2007. Apple fi í sínú iPhone ní oṣù kẹsàn-án 2014, EE sì gbé e jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹrin 2015. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó dùn mọ́ mi jù. Ẹ rántí ìlú àtijọ́ tí ó ní odi àti ibodè, tí oníbodè ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ilé iṣẹ́ fóònù kọ̀ọ̀kan ní irú ibodè bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fóònù yóò gba orí Wi-Fi ilé lọ kan ilẹ̀kùn ibodè náà. Oníbodè yóò bi í pé ta ni, síìmù yóò sì dáhùn. Bí ìdáhùn bá tọ́, wọn yóò la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ kan láàárín àwọn méjèèjì, tí ẹlòmíràn kò lè yọjú wò, ohùn yóò sì máa gba ibẹ̀ kọjá. Lójú ilé iṣẹ́ náà, fóònù wà nílé. Bóyá Òkè-Odò ni ó wà tàbí Baltimore, nọ́ńbà kan náà ni yóò dún. Dátà tí ó ń jẹ kò pọ̀, bíi MB kan fún ìṣẹ́jú kan.

Èyí yàtọ̀ sí WhatsApp. WhatsApp ń fẹ́ kí ẹni tí ń pè àti ẹni tí a ń pè jọ wà nínú rẹ̀. Ìpè orí Wi-Fi kò bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tí ó ń pè. Ó tẹ nọ́ńbà, aago dún, ó parí.

Mo wá láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé kan láti tò ó. Mo wọ inú sẹ́tíńgì, mo wá ibi tí wọ́n kọ "Wi-Fi Calling" sí lábẹ́ síìmù Amẹ́ríkà, mo tàn án. Ó tún kú fúnra rẹ̀. Mo tàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ń bú ráútà, mo ń bú òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àṣé àdírẹ́sì ni kò sí. Òfin Amẹ́ríkà ni pé ẹni tí yóò lo ìpè orí Wi-Fi gbọ́dọ̀ kọ àdírẹ́sì ilé sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kí àwọn tí ń gbé ìpè pàjáwìrì lè mọ ibi tí wọn yóò sáré gbà. Àbúrò mi wọ ojú ewé ilé iṣẹ́ náà, ó kọ àdírẹ́sì tirẹ̀ sí i. Mo pa fóònù, mo tún tàn án. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà "Wi-Fi" yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ náà lókè ojú fóònù. Màmá mi ní, "Ṣé ó ti dé Amẹ́ríkà nìyẹn?" Mo ní ó ti dé.

Kò tíì dé tán o. Ilé bíríkì onípáànù ni ilé wa. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé pálọ̀ nìkan ni ráútà ti ń rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gidi, yàrá màmá mi sì wà lẹ́yìn pátápátá. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, ohùn a máa já. Bí mo bá gbé ráútà sún mọ́ yàrá, ráútà fúnra rẹ̀ kò ní rí òpó mọ́. Mo ní kí wọ́n máa jókòó sí pálọ̀ ní aago mẹ́sàn-án, wọ́n ní àwọn kò ní tìtorí aago jẹ́ kí ẹ̀fọn pa àwọn. Ẹ̀rọ kékeré kan tí ń na Wi-Fi gùn, tí mo fi há ọ̀dẹ̀dẹ̀, ni ó yanjú ìyẹn.

Ohun mìíràn rèé tí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Màmá mi fi síìmù Amẹ́ríkà pe oníata tí ń kiri ní àdúgbò wa. Oníata wà ní ẹ̀yìnkùlé ṣá, ṣùgbọ́n lójú ilé iṣẹ́ náà, Maryland ni ìpè náà ti wá, Nàìjíríà ni ó sì ń lọ. Owó òkè òkun ni wọ́n gbà, ní dọ́là. Ohùn ata lọ sí Amẹ́ríkà, ó padà wá. Síìmù Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà ni kí a máa fi pè.

Ní ilé àbúrò wọn ní Ìgàndò, Wi-Fi wà, WhatsApp ń lọ, ṣùgbọ́n aago Amẹ́ríkà kò dún. Mo tan Wi-Fi láti inú fóònù tèmi, lójú ẹsẹ̀ ni ó bọ́ sípò. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé fóònù màmá mi kò ní àléébù. Ráútà ilé náà ni ó ti ọ̀nà pa. Ìlẹ̀kùn méjì ni ìpè yìí ń gbà, nọ́ńbà wọn ni 500 àti 4500. Bí ẹni tí ó to ráútà bá ti ìlẹ̀kùn wọ̀nyí, gbogbo nǹkan mìíràn yóò máa ṣiṣẹ́, ìpè nìkan ni kò ní lọ. Ẹni tí ó bá tan VPN lè bá irú rẹ̀ pàdé pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí a fi Wi-Fi mìíràn dán fóònù wò kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí tú u.

Èyí tí mo fẹ́ sọ gan-an ni àṣìṣe tèmi. Nígbà mìíràn, bí Wi-Fi bá rẹ̀ díẹ̀, síìmù Amẹ́ríkà a máa fò mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìta, a sì gba owó gọbọi. Mo kà pé bí a bá tẹ àmì ọkọ̀ òfurufú, tí a sì tún tan Wi-Fi nìkan, fóònù kò ní rí ibòmíràn gbà ju orí Wi-Fi lọ. Òótọ́ ni. Mo sọ fún màmá mi láti Ìbàdàn pé kí wọ́n máa fi í bẹ́ẹ̀. Mo gbàgbé pé síìmù Nàìjíríà wà nínú fóònù kan náà, àmì ọkọ̀ òfurufú yóò sì pa òun náà.

Ní aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ náà, mo pè wọ́n, kò lọ. Mo tún pè, kò lọ. Mo kọ̀wé sí WhatsApp, àmì ẹyọ kan ṣoṣo ni ó hù. Aládùúgbò tí mo ní nọ́ńbà rẹ̀ wà ní ìṣọ́ òru, kò gbé e. Màmá mi ti lé ní 70 ọdún, ẹ̀jẹ̀ wọn a sì máa ru. N kò fojú ba oorun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti wà ní Ìwó Road tí mo ń wá ọkọ̀ Èkó. Gbogbo ohun tí ọkàn ń rò lójú ọ̀nà yẹn, n kò ní kọ ọ́ síbí.

Mo bá màmá mi níwájú ilé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n wò mí títí. "Kí ló dé? Ṣé kò sí?" Mo jókòó sílẹ̀, n kò lè dáhùn. Wọ́n ní àwọn àti ọkọ àwọn jọ sọ̀rọ̀ títí iná fi lọ, ráútà kú, àwọn sì lọ sùn. Wọ́n ní oorun náà dùn.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo lọ sí ọjà, mo ra fóònù tọ́ọ̀ṣì kékeré kan. Mo yọ síìmù Nàìjíríà sínú rẹ̀, mo so ó mọ́ okùn, màmá mi fi kọ́ ọrùn. Òun ni ti àwa ará ilé. Fóònù ńlá wà pẹ̀lú síìmù Amẹ́ríkà, àmì ọkọ̀ òfurufú kì í kúrò lójú rẹ̀. Mo tún ra bátìrì kan fún ráútà, kí ó lè fara dà á fún wákàtí mélòó kan bí iná ìjọba bá lọ.

Mo sì kọ ìwé kan mọ́ ara ògiri, lẹ́tà rẹ̀ gbòòrò: bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, fóònù tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ mú, 767 tàbí 112 ni kí ẹ tẹ̀. Ìwọ̀nyí ni nọ́ńbà pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ rántí àdírẹ́sì tí a kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá fi fóònù ńlá ké gbàjarè lórí Wi-Fi, ẹnu ọ̀nà àbúrò mi ní Maryland ni ọkọ̀ aláìsàn lè lọ dúró sí, tí màmá mi yóò sì wà ní Òkè-Odò. Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tí ó ń lo irú síìmù bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ èyí fún wọn kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn.

Mo sùn síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ní aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, aago dún nínú yàrá. Màmá mi jẹ́ kí ó dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó gbé e, mo sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kí n gbọ́ ọ. "Ọkọ mi!" Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà fínnífínní láti ìta, ó ń fi Yorùbá rẹ̀ tí ó ń kọsẹ̀ bi wọ́n bóyá iná wà.